Bá Mi Gba Orúkọ Bàbá Mi Kúrò ní Báńkì

Ilé Adéòjó,
Ìjẹ̀dẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àlàmísì, oṣù kọkànlá, ọdún 2007.

Ìbídùnní, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Èkó, mo tún kí ọ kú àbọ̀ ìrìn àjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti kí ọ kú àbọ̀ lójúkojú. Ọlọ́hun tó mú ọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì mú ọ bọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà kankan. Ọkọ̀ òfuurufú tí o bá wọ̀ kò ní já, èyí tí o bá wọ̀ lórí ilẹ̀ kò ní tàkìtì. Ojú ò ní tì ọ́ lọ́fíìsì, ojú ò ní tì mí nílé. Àmín. Bàbá rẹ ní kí n bá àwọn kí ọ. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan ẹnu, wọ́n ń jẹun dáadáa. Ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́sà lásìkò yìí, àwọn apẹja á ju àwọ̀n, ewéko ojú omi ni wọ́n á fà bọ̀. Ẹ̀gẹ́ mi ta dáadáa, a ti ń fi ṣe gàrí, màá tọ́jú tìrẹ.

Mo mọ̀ pé o ó máa wò ó pé kí ló dé tí Màámi fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí mo rà fún wọn wà níbẹ̀. Má bínú sí mi. Ìwọ lo ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ káàdì àti báńkì lórí fóònù mọ́ láéláé, mo sì ń pa òfin náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára pa fóònù nígbàkúgbà tí o bá bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Nǹkan wà, ṣùgbọ́n nǹkan náà ò ṣeé sọ lórí fóònù. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ àgbà, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè sọ fún ẹlòmíràn pé kó bá ni kọ. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, ará Ọ̀yọ́ tó rẹ́ǹtì ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí àkùkọ tó kọ, ni yóò mú un wá fún ọ ní ọ́fíìsì. Mo fi ẹ̀kọ tútù lẹ ẹnu àpòòwé náà pa. Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí o tó ṣí i, bí o bá rí i pé wọ́n ti tú u, má bínú sí mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì ni kí o bi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o wá dágbére fún wa kí o tó lọ, o mú àpòòwé kan jáde nínú báàgì rẹ, o ní fótókópì ìwé ìrìnnà rẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí èèyàn fi ń pe báńkì bí káàdì bá sọnù lókè òkun. O ní ohun tí arìnrìn-àjò tó gbọ́n máa ń ṣe nìyẹn, pé kì í kó gbogbo ìwé rẹ̀ sójú kan, á fi èyí sára, á fi èyí sínú báàgì, á sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ nílé lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán. Inú mi dùn gan-an pé èmi ni o fọkàn tán nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé. O ní kí n tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé. Mo yẹ gbogbo ilé wò. Abẹ́ ẹní kò dára, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ti máa ń ṣeré. Inú àpótí mi kò dára, bàbá rẹ máa ń wá ibi tí mo tọ́jú obì sí níbẹ̀. Mo wá rí i pé ní gbogbo ilé Adéòjó, ibì kan ṣoṣo ló wà tí olè, bàbá rẹ àti ọmọdé jọ ń bẹ̀rù, ìyẹn ni abẹ́ adìyẹ mi dúdú tó ń sàba. Mo fi ọ̀rá wé àpòòwé náà, mo sì tì í sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹyin.

Ìwọ náà rántí ọjọ́ tí o fi ẹkún pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù, pé o ò rí ìwé ìrìnnà rẹ mọ́, kí n tètè ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún ọ. O rò pé mò ń fi nǹkan falẹ̀ ni. Adìyẹ ni mò ń bá jà. Ó ṣá mi lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kòkòrò yọ́rọ́ ara rẹ̀ bò mí lápá, ṣùgbọ́n mo gba ìwé náà lábẹ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dáa nínú ilé, ni mo bá sáré lọ sétí ọ̀sà, mo gun orí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dà dé, mo wá ń ké nọ́ńbà náà pẹ̀lú gbogbo agbára mi, torí Lọ́ńdọ̀nù jìnnà. Àwọn apẹja tó wà lójú omi rò pé orin ni, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́yìn mi, èyí tí mo bá pè ni wọ́n ń pè. Ọlọ́hun sì bá wa ṣe é, o rí ìwé ìrìnnà náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ kí n tó kà á tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bi mí pé ariwo wo nìyẹn, tí mo sì sọ fún ọ, o pariwo, o ní háà, Màámi, ohun tó yẹ kó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin nìkan lẹ ti sọ di orin apẹja. Ọjọ́ náà ni o ṣe òfin fóònù fún mi. Títí di òní, bí mo bá dé etí omi, àwọn apẹja náà ṣì máa ń bi mí pé ìgbà wo la tún máa kọ orin ọjọ́sí.

Ìyẹn ò tilẹ̀ burú. Èyí tó burú ni ọ̀rọ̀ tí o sọ nígbà tí o dé tí o wá kí wa. A jókòó, a ń jẹ ẹja, o wá ní o dúpẹ́ pé kì í ṣe káàdì ló sọnù lọ́jọ́ náà, torí pé báńkì kì í rí ojú ẹni tó bá ń pè wọ́n láti òkè òkun, wọ́n máa ń bi í ní ìbéèrè kan tí ẹni tó ni owó nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni. O ní orúkọ bàbá ìyá rẹ ni ìbéèrè tìrẹ, orúkọ tí ìyá rẹ ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ. O ní ẹni tó bá jí nọ́ńbà káàdì rẹ, tó tún mọ orúkọ yẹn, ó lè gbọ́n owó rẹ gbẹ níbikíbi tó bá wà láyé. O sọ ọ́ báyìí, o rẹ́rìn-ín, o sì ń jẹ ẹja rẹ lọ. Èmi ò lè jẹ tèmi mọ́.

Orúkọ bàbá mi! Ìbídùnní, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mi ò lè kọ ọ́ síbí, ọ̀nà jìn láti Ìjẹ̀dẹ̀ dé ọ́fíìsì rẹ, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá sílé ọkọ, òun ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ẹlẹ́ja ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ àdúà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ní Gáréèjì Ìkòròdú ò mọ̀ pé Mùlíkátù ni mò ń jẹ́, ọmọ Lágbájá ni wọ́n mọ̀, bí wọ́n bá sì ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n á ti máa fi pè mí kí n lè gun tiwọn. Ṣé àwọn ará báńkì ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó fi ohun tí gbogbo Ìkòròdú ń pariwo ṣe ohun àṣírí ni? Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo kàn ní ṣé nílùú òyìnbó, wọn kì í fi orúkọ bàbá pe obìnrin ni? Ó ní rárá o, pé lọ́jọ́ tí obìnrin bá ti wọlé ọkọ lọ́hùn-ún, orúkọ ọkọ ló ń gbé wọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń fi ti bàbá rẹ̀ pè é mọ́. Àánú wọn ṣe mí. Àwọn tí orúkọ bàbá wọn ti sọnù ló gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀, wọ́n wá rò pé tiwa náà ti sọnù.

Mo ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé owó ọmọ mi ló wà níbẹ̀, èmi náà á bá wọn fi pamọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, mo ní kí wọ́n má fi orúkọ bàbá mi pè mí mọ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní kí Ọlọ́hun bá wa parí ìjà náà. Ìjà wo? Mo lọ bá àwọn ọlọ́kadà, wọ́n ní ta ni kí àwọn wá máa pè, mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá. Báyìí, bí wọ́n bá pe Ìyá, gbogbo obìnrin tó wà ní gáréèjì ló ń bojú wẹ̀yìn, tí ẹlòmíràn á sì ti gun ọ̀kadà mi lọ.

Bàbá rẹ ló le jù. O mọ̀ pé láàárọ̀, kí wọ́n tó bèèrè oúnjẹ, wọ́n máa ń kọ́kọ́ kì mí, wọ́n á gbé bàbá mi gẹ̀gẹ̀, wọ́n á gbé ilé bàbá mi gẹ̀gẹ̀, títí inú mi á fi yọ́ tí ẹja wọn á sì pọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n má kì mí mọ́, pé wọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ wọn sọ. Wọ́n ní kí ni kí àwọn wá máa pè mí. Mo ní Ìyá Ìbídùnní. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ṣé Ìbídùnní kọ́ ni wọ́n kọ sára káàdì náà gan-an ni? Láti ọjọ́ náà, “ìwọ yìí” ni wọ́n ń pè mí, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe ń bu ẹja sínú àwo wọn mọ́. Ilé wá tutù, kò sí ìjà, kò sí ẹ̀rín.

Wàyí o, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgbògbò. O mọ̀ pé wọ́n ti tún ilé bàbá mi kọ́ tán, páànù tuntun ló wà lórí rẹ̀ báyìí, ó ń kọ mànà. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la lọ ṣe àdúà fún bàbá wa níbẹ̀. Orúnkún ò jẹ́ kí bàbá rẹ lọ, èmi nìkan ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Bùsàrí ni wọ́n ń pín sàráà, tí wọ́n ń pe àwa ọmọ bàbá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, wọ́n lọgun orúkọ mi, wọ́n so ti bàbá wa mọ́ ọn. Èrò pọ̀ lọ bẹẹrẹ, mo sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tó gbé fóònù rẹ̀ sókè sọ́dọ̀ wa. Mo ní bóyá olè báńkì náà nìyẹn. Mi ò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí, wọ́n pè é gan-an bí gbogbo ayé ṣe ń pè é, mo wolẹ̀. Fàlílátù àbúrò mi fi ìgúnpá gún mi. Ni mo bá dìde, mo ní ẹ má fi orúkọ yẹn pè mí mọ́, mi ò jẹ́ ẹ mọ́.

Ìbídùnní, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé kí ni bàbá wa fi ṣe mí. Wọ́n ní ṣé torí pé ọmọ mi ti ń lọ sókè òkun ni ilé bàbá mi ṣe ń rùn sí mi. Wọ́n ní ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Mo yanu láti ṣàlàyé, mo wá rántí pé bí mo bá sọ pé torí báńkì ni, gbogbo wọn á mọ̀ pé orúkọ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní báńkì, ohun tí olè sì ń wá gan-an nìyẹn. Mo pa ẹnu mi dé. Ẹni tó bá sì pa ẹnu dé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó jẹ̀bi ni.

Wọ́n wá ní ọjọ́ Àìkú tó máa gbẹ̀yìn oṣù yìí làwọn máa ṣí ilé náà. Àwọn á pe gbogbo ọmọ bàbá wa lórúkọ lójú àwọn àgbà Ìgbògbò, ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn, á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò dáhùn, kó máa bá tirẹ̀ lọ, ilé náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, bó bá ń ṣe ìyàwó kó má pè wọ́n, bó bá ń ṣòfò kó má pè wọ́n. O mọ ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó tán nìyẹn.

Fàlílátù wá bá mi ní Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹkún. Ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé nígbà tí ìgbóná fẹ́ pa mí ní kékeré, ọkọ̀ ojú omi bàbá wa ni wọ́n tà láti fi tọ́jú mi, tí odidi apẹja wá di ẹni tó ń bá ẹlòmíràn wa ọkọ̀ kiri. Mi ò gbàgbé. Ta ló lè gbàgbé irú rẹ̀? Mo sunkún, òun náà sunkún, mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Bàbá rẹ ní àwọn á lọ ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi ní kọ̀rọ̀, mo ní bí wọ́n bá sọ ọ́, ọmọ wọn ni wọ́n fà lé olè lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ nǹkan láàárọ̀, lèmọ́ọ̀mù á ti gbọ́ kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ṣé irú wọn là ń bá sọ ọ̀rọ̀ báńkì?

Torí náà, ọmọ mi, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, lọ sí báńkì kí ọjọ́ náà tó pé, kí o bá mi gba orúkọ bàbá mi kúrò lọ́wọ́ wọn. Má bá wọn jà, fi sùúrù sọ ọ́. Sọ fún wọn pé ẹni tó ni orúkọ ń fẹ́ lò ó. Kódà, bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ wu iṣu lóko ẹni, wọn ì bá kọ́kọ́ bèèrè, ta ni wọ́n bèèrè orúkọ bàbá mi lọ́wọ́ rẹ̀? Bí wọ́n bá ní dandan ni kí wọ́n ní ìbéèrè kan, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àṣírí pọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n bi ọ́ ní ohun tí o gbé mì nígbà tí o wà ní ọmọdé tí a fi ń ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ. Bí ìyẹn bá tì wọ́n lójú, orúkọ kan wà tí mo máa ń fi pè ọ́ nígbà tí o wà nínú mi, lẹ́yìn tí àwọn tó ṣáájú rẹ kò dúró. Bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n, Fàlílátù ò mọ̀ ọ́n, mi ò pè é sókè rí torí ẹ̀rù ń bà mí. Bí o bá wá, màá sọ ọ́ sí ọ létí, kí o lọ fún báńkì. Èyí ni àṣírí, kì í ṣe ti bàbá mi.

Mo gbọ́ pé ọ́fíìsì yín tún fẹ́ rán yín lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo ti rán tòbí kan fún ọ, ó ní àpò méjì nínú, kí o so ó mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, kí o fi ìwé ìrìnnà sí ọ̀kan kí o fi káàdì sí èkejì. Ìyá tó bí mi, tòbí ni wọ́n fi ná ọjà Ẹ̀pẹ́ títí wọ́n fi kú, ọwọ́ olè kankan ò dé ibẹ̀ rí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣẹ̀sín, kò sí báàgì òyìnbó tó tó o. Jọ̀wọ́, tún fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì, owó obì àti ti àgbò kékeré kan tí mo máa fi bẹ ẹ̀gbọ́n mi, àti ti ìró tí mo máa lọ́ lọ́jọ́ náà, èyí tó wà nílẹ̀ ti ṣá. Bí kò bá sí àgbò, obì nìkan náà á ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ní àwọn ò lè yí i padà, tàbí tí lẹ́tà yìí bá pẹ́ lọ́nà, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, orí ń fọ́ mi. Bí mo bá dáhùn, olè lè kó owó ọmọ mi. Bí mi ò bá dáhùn, èmi ni mo kó bàbá mi sọnù. Ìbídùnní, màá dáhùn. Forí jì mí. Bí wọ́n bá kó owó náà, máa bọ̀ nílé, ẹ̀gẹ́ wà, ẹja náà á padà wá, a ó jọ máa jẹ ẹ́ títí Ọlọ́hun á fi pèsè òmíràn. Owó tó lọ ṣì lè padà. Bàbá tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ tí ọmọ ò jẹ́, níbo ló ti fẹ́ rí òmíràn?

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ ní ilé, á ṣọ́ ọ lẹ́yìn odi. Ohun tí o bá tọ́jú, ọwọ́ ọ̀tá ò ní tó o. Ìwọ náà á bí ọmọ tó máa jẹ́ ọ lóhùn. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì bá ti ka lẹ́tà yìí lọ́nà, kó kà á. Ọwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà kí ẹnu mi tó jẹ́ ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùlíkátù ọmọ Ògúnsànyà.